Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta Lẹ́nu Verna Hakala

45
*(ìwọ̀n irin, ní pọ́ùn: ọ̀pá lásán)*

…bẹ́ẹ̀ ni ohùn náà ṣe lọ, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni.

Ó kọ́kọ́ ń sán, bí yìnyín ojú adágún ṣe máa ń sán nígbà tí òtútù bá mú gan-an. Lẹ́yìn ìyẹn ó ń yọ̀ lẹ́sẹ̀. Verna á fẹ́ kí èèyàn káàárọ̀, ìdajì ìkíni náà á dúró sókè, ìdajì á já sísàlẹ̀ bí ẹni tó tẹ àtẹ̀gùn tí kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò gòkè mọ́. Ìsàlẹ̀ ló kọ́lé sí.

95
*(àwo kékeré kan lápá kọ̀ọ̀kan)*

ÌKÉDE ÀÁRỌ̀, RÉDÍÒ ÌLÚ THUNDER BAY
bí Verna Hakala ṣe ń kà á kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀

*Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ. Yìnyín já lóru. Bọ́ọ̀sì ilé-ìwé Kakabeka kò ní í rìn. Ti Lappe kò ní í rìn. Ti Murillo ń bọ̀, ṣùgbọ́n yóò pẹ́. Ẹ̀yin tí tiyín kò rìn, ẹ padà sábẹ́ kúbùsù. Ẹ̀yin tí tiyín ń bọ̀, ẹ pẹ̀lẹ́.*

Ohùn kan báyìí tó mọ́, tó tín-ín-rín, tí ẹ̀rín máa ń wà ní ìdí rẹ̀. Àwọn ọmọ Lappe mọ̀ ọ́n ju ohùn olùkọ́ wọn lọ. Bí wọ́n bá bá a pàdé ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ní kó jọ̀wọ́ kó sọ pé bọ́ọ̀sì kò rìn. Á sì sọ ọ́ fún wọn, nínú oṣù keje, pẹ̀lú tòmátì lọ́wọ́.

135
*(àwo ńlá kan lápá kọ̀ọ̀kan)*

Abẹ́ ilé ni wọ́n ti ń gbérin, lábẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà. Kò sí àmì lẹ́nu ọ̀nà.

Àwọn tó ń wá gbérin níbẹ̀:

dókítà eyín kan
akólẹ́tà kan
àwọn mẹ́ta tó ń kan òrùlé
Marja Lindqvist, aṣerunlóge
Verna
Lyle Burkowski, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀

Kò sí ẹni tó ń fi irin jẹun nínú wọn. Kò sí ẹni tí tẹlifíṣọ̀n ń wá. Wọ́n kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ẹni tó bá ti gbé ohun tí kò lè gbé lánàá rí, ó mọ adùn tí à ń wí. Ẹni tó bá sì ti kúrò nílùú náà, tó ti pẹ́, tó ní òun ti gbàgbé òórùn abẹ́ ilé yẹn, òórùn ìpẹtà, òógùn àti ọ̀dà, irọ́ ló ń pa.

Ṣùgbọ́n ara ní ibi tó máa ń dé tí yóò jókòó. Bí tiwọn bá ti jókòó, wọ́n á lọ bá Lyle. Lyle ní àpótí kan, irú èyí tí àwọn apẹja fi ń kó ìwọ̀ sí. Kò sí ìwọ̀ nínú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni, àti òróró nínú ìgò kéékèèké, àti hóró oògùn. Oògùn tó ń mú iṣan wú.

Ẹ̀yìn akólẹ́tà kún fún irorẹ́ bí ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà. Dókítà eyín ń jágbe mọ́ àwọn tó lanu fún un. Wọ́n ń fi ara wọn ṣẹ̀sín: ọmú ń yọ, kóró ẹpọ̀n ń súnkì. Akólẹ́tà ní òun ń wá tòun nínú ṣòkòtò bí ẹni ń wá owó tó já sínú ihò àpò.

Lọ́jọ́ tí Lyle bá fẹ̀yìn lélẹ̀ láti gbé èyí tó wúwo, Verna ló máa ń jókòó lẹ́bàá orí rẹ̀ tí yóò máa pe àṣẹ fún un, bí adájọ́ ṣe ń pè é níbi ìdíje: ó yá, tì í, dá a padà. Lyle kì í fẹ́ kí ẹlòmíràn pè é.

185

*(abẹ́ ilé, ìgbà ìwọ́wé)*

LYLE: Àwo kan lápá kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà wo?
VERNA: Ẹ má jẹ́ kí n rántí.
LYLE: Àwo náà ti fẹ́ ẹ sílé. Ó kù kó wá tọrọ ẹ lọ́wọ́ ìyá ẹ.
VERNA: Ẹ gbẹ́nu yín dákẹ́, ẹ̀gbọ́n.
LYLE: Gba eléyìí. Ti obìnrin ni. Kò le. Àwọn obìnrin Toronto ń jẹ ẹ́ bí ẹ̀pà.
VERNA: Kò ní í hu irùngbọ̀n fún mi?
LYLE: Ṣé èmi ni màá ṣe ẹ́ báyẹn? Ta ló máa wá máa pè é fún mi? Ohùn ẹ ni mo fi ń gbé e, àbúrò. Èèyàn kì í da iyẹ̀pẹ̀ sínú ọbẹ̀ tó máa jẹ.
VERNA: (rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́)

Ó ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká má purọ́. Kí yìnyín àkọ́kọ́ tó já, ó ti gbé àwo ńlá náà kọjá, ó fi méjì kéékèèké lé e. Ó sunkún ayọ̀ sínú aṣọ ìnura. Marja gbá a mọ́ra. Lyle ra kọfí fún gbogbo ilé.

225
*(àwo méjì méjì)*

SÍ GBOGBO ÒṢÌṢẸ́ RÉDÍÒ
*Verna ń sinmi ọ̀fun. Glenn ni yóò máa ka ìkéde bọ́ọ̀sì. Bí ọmọdé bá pè, ẹ sọ pé ara rẹ̀ ń yá.*

LÁTI INÚ ẸRỌ TÓ Ń GBA Ọ̀RỌ̀ OLÙPÈ SÍLẸ̀
*Ẹ jọ̀ọ́, ọkùnrin tí ẹ fi ka ti bọ́ọ̀sì lánàá, ẹ má fi í kà á mọ́. Ọmọ mi ní kò mọ bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ sí ọmọdé. Verna wa dà?*

Verna ló kà á lánàá. Glenn kò tíì bẹ̀rẹ̀.

255

Dókítà tó yẹ ẹ̀jẹ̀ Verna wò ní: Ẹ̀jẹ̀ yín rí bí ẹ̀jẹ̀ géńdé ọkùnrin. Kí lẹ ń mu?

Verna sọ fún un. Ó fi ìgò hàn án.

Dókítà ní: Èyí tí wọ́n kọ sára ìgò yìí kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ti ọkùnrin lẹ ń jẹ.

— Bí mo bá fi í sílẹ̀ lónìí ńkọ́?
— Àwọn nǹkan kan á padà.
— Ohùn mi?

Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í to bírò rẹ̀.

275

*(tẹlifóònù, ilé àwọn àgbàlagbà, òpópónà Algoma)*

ÌYÁ: Ta nìyẹn?
VERNA: Èmi ni, Ìyá.
ÌYÁ: Ẹ̀yin ta?
VERNA: Verna ni.
ÌYÁ: Rárá o. Ọkùnrin lẹ̀yin. Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé fóònù fún ọmọ mi.
VERNA: Ìyá, ẹ gbọ́ ná…
ÌYÁ: Ẹ ní kó sọ nǹkan kan fún mi. Ojú mi ò ríran mọ́. Ohùn ẹ̀ ni mo fi ń mọ̀ ọ́n.
VERNA:
ÌYÁ: Ẹ ṣé o. Màá dúró dè é.

Ó sì dúró. Kò gbé fóònù sílẹ̀. Verna ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

295

Ìbínú a máa rọlẹ̀. Ohun tó wọ Verna lára lọ́jọ́ náà kì í ṣe ìbínú.

315
*(àwo mẹ́ta mẹ́ta)*

Lábẹ́ ilé, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni Verna ń sọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀fun ló ń dun òun. Gbogbo wọn gbà bẹ́ẹ̀. Nínú òtútù ìlú yẹn, ọ̀fun ta ni kì í dùn ún?

Lyle ra oyin wá. Ó gbọ́wọ́ lé e léjìká. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Fi tíì gbígbóná mu ún."

Verna gba oyin. Ó dúpẹ́, kẹ́lẹ́. Nígbà tó jáde, ó dà á sórí yìnyín lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà, ó dúró, ó ń wò ó bó ṣe ń rì.

Ibẹ̀ ló ti rò ó kàn:

Lyle kò tíì gbọ́ ohùn tuntun yìí rí.

335

*(tẹlifóònù; Verna gbà á sílẹ̀ nínú yàrá rédíò. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ Ron; ohùn tuntun Verna ni.)*

LYLE: Ẹ̀n?
RON: Ọ̀gá Lyle. Ron ni, láti Dryden. Wọ́n ní kí n pè yín.
LYLE: Ta ló ní bẹ́ẹ̀?
RON: Akólẹ́tà.
LYLE: Ẹnu ọkùnrin yẹn dà bí ilẹ̀kùn ilé ọtí. Kí lo fẹ́?
RON: Tèmi kọ́. Ìyàwó mi ló fẹ́ gbérin. Ṣé ẹ ní ti obìnrin?
LYLE: Ron, ká sọ ọ́ bí ọkùnrin sí ọkùnrin. Mo gbọ́ ohùn ẹ, mo mọ̀ pé géńdé ni ẹ́. Ti obìnrin ò sí nílẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti wọ́n. Ti ọkùnrin ni mò ń fún wọn. Mo kàn ń gé e sí wẹ́wẹ́ ni.
RON: Wọn ò mọ̀?
LYLE: Wọ́n á ṣe mọ̀? Irin ń gòkè, inú wọn ń dùn.
RON: Kò wá ń ṣe wọ́n ní nǹkan kan?
LYLE: Ó ṣe ọ̀kan. Ohùn ẹ̀… ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ báyìí. Èèyàn dáadáa ni o. Ó rò pé òtútù ni.
RON: Ẹ ò sọ fún un.
LYLE: Kí n sọ kí ni? Omi tó ti dànù. Èrè wo ni màá rí níbẹ̀? Jẹ́ kó máa mu oyin. Ṣé o ṣì wà níbẹ̀?
RON: Mo wà níbí.

345

OHUN TÍ VERNA LÈ ṢE

gbé téèpù náà fún ọlọ́pàá *(Lyle á jáde lọ́jọ́ kejì, á máa rẹ́rìn-ín)*

gbé e sórí rédíò *(Glenn ni bọ́tìnì wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí)*

sọ fún ìyàwó Lyle *(òun ló ń lẹ ìwé orúkọ oògùn mọ́ ìgò)*

dárí jì í

355

*(abẹ́ ilé; ìdíje irin gbígbé ìlú kù sí dẹ̀dẹ̀)*

LYLE: Àwo mẹ́rin mẹ́rin ni mo fẹ́ gbé lọ́jọ́ náà.
VERNA: (kẹ́lẹ́) Mo gbọ́.
LYLE: Tó bá gòkè, ó parí. Màá di ọmọ àádọ́ta ọdún, màá lọ máa pẹja. Gbogbo ayé mi, nǹkan kan ṣoṣo yẹn ni mo fẹ́ kí wọ́n rántí.
VERNA: (kẹ́lẹ́) Á gòkè.
LYLE: Mo ti bá àwọn adájọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n gbà. Ìwọ ni mo fẹ́ kó o jókòó, kó o pè é. Akólẹ́tà ń pè é bí ẹni ń lé ajá. Mo mọ̀ pé ọ̀fun ń dùn ẹ́. Bó o bá sọ ọ́ kẹ́lẹ́ náà, màá gbọ́. Etí mi ti mọ ẹnu ẹ.
VERNA: (kẹ́lẹ́) Màá pè é, ẹ̀gbọ́n.

Ó fọwọ́ nu ojú. Lyle ni. Wọ́n ní oògùn náà máa ń jẹ́ kí omi ojú súnmọ́ wọn, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń jẹ́ kí ìjà súnmọ́ wọn.

365

Marja Lindqvist yọ ìgò kan nínú báàgì rẹ̀ nínú yàrá ìmúra, ó ju hóró kan sẹ́nu, ó fi omi tì í.

— Ta ló fún ẹ?
— Bọ̀ọ̀dá Lyle. Ti obìnrin ni. Kí ló dé? Ṣé o ti ní tìẹ ni, o wá ń jowú èmi?

Bí Verna bá sọ ọ́, Marja á pariwo. Bí Marja bá pariwo, Lyle á mọ̀. Á pa ìdíje tì, á wọ ọkọ̀, á lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Winnipeg títí ọ̀rọ̀ á fi tutù. Àwọn èèyàn bíi tirẹ̀ máa ń mọ ọ̀nà Winnipeg.

Ó yẹ kó sọ ọ́.

Ó ní, "Irun ẹ dára lónìí."

 

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, Marja ń gbá ilẹ̀ abẹ́ ilé, ó ń kọrin. Ohùn rẹ̀ sán lẹ́ẹ̀kan. Ó wúkọ́, ó fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ orin náà láti ìsàlẹ̀ díẹ̀.

Verna gbọ́. Ó tún àwo kan tì sórí ọ̀pá.

385

ÒFIN
*(a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gbọ̀ngàn àwọn ará Finland, ọjọ́ Àbámẹ́ta)*

*Ẹni tó ń gbérin yóò fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí àga gbọọrọ. Adájọ́ yóò jókòó lẹ́bàá orí rẹ̀. Adájọ́ yóò sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta.*

*Ó YÁ. Nígbà náà ni yóò sọ irin kalẹ̀ sí àyà.*

*TÌ Í. Kí ó tó gbọ́ èyí, irin kò gbọdọ̀ kúrò láyà, kò sì gbọdọ̀ mì.*

*DÁ A PADÀ. Nígbà náà ni yóò gbé irin padà sórí òpó.*

*Ẹni tó bá ṣíwájú ọ̀rọ̀ adájọ́, ohun tó gbé kò kà. Àwọn tó dúró lápá ọ̀tún àti òsì kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan irin àyàfi bí adájọ́ bá ní kí wọ́n gbà á. Bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, kò kà.*

 

Ohun tí àwọn tó wà níbẹ̀ rántí kò dọ́gba. Akólẹ́tà ní yìnyín ń já. Dókítà eyín ní oòrùn ràn tó fi ń ta ojú. Gbogbo wọn gbà pé kọfí pọ̀, àti pánkéèkì fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí àwọn ìyá Finland ń dín nínú ilé ìdáná, òórùn bọ́tà sì gba gbogbo gbọ̀ngàn. Gbogbo wọn gbà pé Marja wà ní ìlà kejì, ó ń fi ikọ́ la ọ̀fun.

Lyle jáde. Ọrùn rẹ̀ pupa bí ẹran tútù. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ tí igi ilẹ̀ fi ń dún. Dókítà eyín dúró lápá kan irin, akólẹ́tà dúró lápá kejì.

Kó tó dùbúlẹ̀, ó ṣẹ́jú sí Verna.

Verna mi orí sí i.

405
*(àwo mẹ́rin mẹ́rin)*

Wọ́n bá a gbé irin kúrò lórí òpó tó gbé e dúró. Apá rẹ̀ nà tán. Irin dúró lókè rẹ̀, ó ń gbọ̀n díẹ̀, ó wá dúró jẹ́ẹ́.

 

"Ó yá."

 

Kò sọ ọ́ kẹ́lẹ́. Ó jẹ́ kó ti ibi tó ń gbé báyìí wá, láti ìsàlẹ̀ pátápátá, ó sì jẹ́ kó kún gbọ̀ngàn. Àwọn ìyá inú ilé ìdáná bojú wẹ̀yìn láti wo ọkùnrin tó sọ̀rọ̀.

Ọwọ́ Lyle ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ irin kalẹ̀ kí etí rẹ̀ tó mọ ẹni tó gbọ́. Ron ló gbọ́. Ron láti Dryden.

Ojú rẹ̀ yí sókè, ó ń wá a. Ó rí Verna lódì: àgbọ̀n lókè, iwájú orí nísàlẹ̀.

Irin dé àyà.

 

Irin wà láyà.

 

Akólẹ́tà ní kò pẹ́ ju ìgbà téèyàn fi ń ka àdírẹ́sì ara lẹ́tà. Dókítà eyín ní ó pẹ́ tó kéèyàn yọ eyín kan tó le.

Lyle lè tì í láìdúró. Kò ní í kà. Ó lè ké sí wọn kí wọ́n gbà á. Kò ní í kà. Wọ́n rí i lójú rẹ̀ bó ṣe ń wọn ọ̀kan mọ́ èkejì. Ó fi irin náà síbẹ̀. Ó ń dúró de ọ̀rọ̀ kejì, tì í, lẹ́nu Verna.

Pupa ọrùn rẹ̀ di àlùkò. Iṣan kan yọ ní iwájú orí rẹ̀ bí ìka. Dókítà eyín ti la àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sábẹ́ ọ̀pá, ó ń wo Verna. Akólẹ́tà náà ń wo Verna. Ní ìlà kejì, Marja wúkọ́, ikọ́ náà wúwo ju bó ṣe yẹ lọ.

Ètè Lyle mì. Ó ń sọ nǹkan. Èémí tó kù fún un kò tó láti gbé ọ̀rọ̀ dé ibi tí irin wà, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń jáde, bí ti aláìsàn.

Verna tẹ̀ síwájú lórí àga, títí ojú rẹ̀ fi wà lókè ojú Lyle gan-an.

"Sọ̀rọ̀ sókè, Lyle," ló wí. "Ohùn ẹ ò jáde."